Bátìrì àti ìnfátà ò gbọ́ ara wọn yé, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Ilé oníbàárà kan rèé, bátìrì lithium wà nísàlẹ̀, ìnfátà wà lókè, wáyà CAN tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, á tó mítà 15. Á ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá yá ìnfátà á kàn máa ké pé òun ò rí bátìrì mọ́. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti tún orí ẹ̀ ṣe, pàbó. Àmọ́ tí mo bá fi wáyà kúkurú dán an wò, wàhálà tán! Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé signal ló ń dé ìparí wáyà tó ń ta padà wá kọlu èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo paná gbogbo ẹ̀, mo fi mítà tí a fi ń wọn iná sáàárín CAN-H àti CAN-L, ìyẹn okùn méjì tó ń gbé signal nínú wáyà náà, 120 ohm ni mo rí, bẹ́ẹ̀ 60 ló yẹ kó jẹ́ tí resistor 120 ohm, èyí tí kì í jẹ́ kí signal ta padà, bá wà ní orí méjèèjì wáyà náà. Mi ò rí switch kankan lára ìnfátà, ìwé ẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan.

Ṣé kí n so resistor 120 ohm mọ́ ẹnu ìnfátà fúnra mi, àbí ó lè ba port ẹ̀ jẹ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn o, mo dúpẹ́ ṣáájú.