Ṣé “ajogún-èdè” yẹ ọmọ tó gbọ́ èdè Sípéènì nílé?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Wọ́n ní ká wá orúkọ fún irú àwọn méjì tó máa ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì èdè Sípéènì ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń sọ ọ́ nílé ti lé ní mílíọ̀nù 40: ọmọ tó bá a nílé wọn ní Los Angeles tàbí San Antonio, àti èyí tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ti pàdé rẹ̀. Ẹnìkan dábàá “ajogún-èdè” àti “àlejò-èdè”. Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹni tó jogún kì í ṣiṣẹ́ fún un. Olùkọ́ tó bá gbà pé ọmọ ti jogún èdè, ẹnu á yà á tí ọmọ náà bá kọ “haber” (wíwà) níbi tó yẹ kó kọ “a ver” (ká wò ó). Bẹ́ẹ̀ bákan náà ni méjèèjì ń dún létí, torí “h” kò ní ohùn ní èdè Sípéènì, “b” àti “v” sì ń dún bákan náà. Tó bá sì ní “haiga” dípò “haya” tí ilé ìwé ń kọ́ni, wọ́n á fa ìlà pupa sí i, bẹ́ẹ̀ bí ìyá àgbà rẹ̀ ní ìgbèríko Mexico ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

“Àlejò” ló burú jù. Bí ẹnìkan bá jẹ́ àlejò, ẹnìkejì ti di onílé, onílé ló sì ń tọ́jú àlejò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ọmọ tó gbọ́ èdè di ìwé atúmọ̀ èdè fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ òun ní nǹkan kan. Ẹ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n jọ kọ àròkọ: èyí á mú ọ̀rọ̀ wá, èkejì á rántí àmì orí ọ̀rọ̀, kí “está” (ó wà) má baà di “esta” (èyí). Ta wá ni àlejò níbẹ̀?

“Agbédènílé”, ẹni tó gbọ́ èdè nílé, ni tèmi fún ọmọ àkọ́kọ́. Guadalupe Valdés, onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè ti Yunifásítì Stanford, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lo ìtumọ̀ tó fún àwọn ọmọ tó bá èdè nílé, ka ọmọ tó kàn gbọ́ èdè láìsọ ọ́ mọ́ wọn. Ọmọ Yorùbá ní Peckham, ní London, tó ní òun “gbọ́ Yorùbá” náà kò tíì sọ pé òun lè sọ ọ́. “Gbédègbẹ́yọ̀” sì ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún wa. Ní ti ẹnìkejì, “akédè” (ẹni tó ń kọ́ èdè) sún mọ́ akéde jù. Ẹ jẹ́ ká fi í sí “akẹ́kọ̀ọ́ èdè kejì”.

Ó ku orúkọ kíláàsì tó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ràn “àdàlù” tí wọ́n dábàá, torí ẹni tó ń se é mọ̀ pé àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀wà kì í jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pe epo ayédèrú ní àdàlù. Ta ló ní òmíràn?