Ṣé ẹ mọ̀ ni, àbí ẹ gbà á gbọ́? Ohun tí ojú mi rí nídìí ìkòkò aró

Ọmọ Aláró:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ka tàwọn tó ṣáájú nípa ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ara wọn léèrè nípa ohun tí gbogbo ayé ti gbà. Tèmi ti pẹ́, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí ní Abẹ́òkúta, ibi tí a ń gbé kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú. Ìkòkò aró mẹ́fà ni ìyá àgbà mi ní lẹ́yìn ilé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn ní kékeré tó ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ jáde. Ẹni tí kò dé ìdí ìkòkò rí á rò pé aṣọ á ti dú kó tó jáde. Rárá o. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló máa ń mú jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ẹ óò máa wò ó bó ṣe ń ṣú lójú yín, láti etí wọ àárín. Wọ́n á tún un rì, wọ́n á tún un fà. Ìyá àgbà á ti ìka bọ omi náà, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á tutọ́ dànù, wọ́n á ní, "Eérú rẹ̀ kò tó."

Lọ́dún tí mo wà ní ìwé kẹfà, nígbà ọyẹ́, ìkòkò mẹ́ta bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ tí a rì sínú wọn jáde bí èyí tí wọ́n fi omi àgbo ṣàn. Kíá lọ̀rọ̀ ti dé orí ìyá kan tó máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ fún wa, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Opó ni wọ́n, wọn kò bímọ. Ọjọ́ yẹn ni ilé wa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá àgbàlagbà yìí ní "obìnrin yẹn". Wọ́n ní obìnrin yẹn dúró nídìí ìkòkò láàárọ̀, ó sì wo inú rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló pa òwe: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gbogbo agbo ilé dákẹ́. Wọ́n wá bi èmi náà bóyá mo rí i níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òótọ́ náà ṣe. Ìyá náà kó ìyẹ́ àti igbá ẹ̀kọ wọn, wọn kò sì padà wá mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Mo wọ yunifásítì ní Àgọ́ Ìwòyè, ni olùkọ́ kan bá sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo fún wa, gíwá àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí òun àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 1986. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n lọ bá, wọ́n sì bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tí ojú ẹni rí, tó sì yé ọkàn ẹni, òun lèèyàn mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún wa, tí a gbà, tí a gbọ́, ìgbàgbọ́ ni, àfi bí a bá dán an wò. Orí ìjókòó ni òwe ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ sí mi lọ́kàn. "Ta ni kò mọ̀." Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i nínú wa.

Mo mú bírò. Ìgbà tí ìyá náà kọjá tí aró bàjẹ́: ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà tí wọ́n kọjá tí aró kò bàjẹ́: ojoojúmọ́, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìgbà tí aró bàjẹ́ tí wọn kò sí nítòsí: ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí òkú ni wọ́n lọ sin ní Ṣágámù nígbà tí ìkòkò kejì àti ìkẹta bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rẹ elú, ewé tí a fi ń ṣe aró, sínú ìkòkò kékeré méjì, elú kan náà, eérú kan náà. Mo dé ọ̀kan, mo fi àpò wé e sẹ́bàá ààrò. Mo ṣí èkejì sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Mo ń ṣe nǹkan oṣù mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ní ó máa ń ba aró jẹ́, èmi náà ni mo sì ro méjèèjì. Ti ẹ̀bá ààrò mú aṣọ dáadáa. Ti ìta kò mú nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí n tó gbà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń lo ọ́síjìn inú aró tán kí elú tó lè yòrò wọ inú òwú. Bí òtútù bá mú wọn, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé, iṣẹ́ wọn dúró.

Ará Láfẹ́nwá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ má sọ pé kò sí àjẹ́ o. Èmi ti rí nǹkan. Ohun kan péré ni ẹ jẹ́ kí n rántí: bí odò Ògùn bá kún wọ ilé wa, bàbá wa á ní ẹnì kan ló ṣẹ odò. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń rí ẹni náà. Ẹ̀gbin tó dí gọ́tà wa kò tíì jẹ́bi rí.

Ọmọ Aláró:

Àbúrò mi, mi ò sọ pé kò sí. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé ta ló rí i, kí a tó lé ìyá kan kúrò nídìí oúnjẹ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí bóyá mo lọ bẹ wọ́n, mo lọ. Ojú wọn ti ń ṣú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìkòkò ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, àbí? Ẹ gbàgbé, ẹ ò dé e mọ́jú. Mo tẹ́wọ́ sí i, ó ti tutù. Mo ń bọ̀ wá sọ fún ìyá yín ni."