Ọkọ̀ tó ń tu omi sínú ike: ìdérí rádíétọ̀ ni

Ìbéèrè náà ni pé kí ló dé tí ike omi ẹ̀gbẹ́ rádíétọ̀ ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rìn, tí omi rádíétọ̀ ń dín kù, síbẹ̀ tí kò síbi tó ń jò. A ti rí i. Kì í ṣe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì mọ́, kò funfun bí ẹ̀kọ bí ìgbà tí omi bá wọ inú rẹ̀.

Rọ́bà abẹ́ ìdérí ti gan, kò dí ẹnu rádíétọ̀ pinpin mọ́. Ìdérí tí wọ́n kọ 1.1 bar (ìwọ̀n ìfúnpá) sí ló yẹ kó di ìfúnpá mú títí yóò fi dé ibẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi hó tó bá kọjá 100°C. Fáàfù kékeré àárín rẹ̀ náà ti lẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi kò fi padà láti inú ike tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Họ́ọ̀sì òkè tó máa ń sún kì láàárọ̀ ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí!

Ìdérí tuntun, 1.1 náà ni. Èyí tó bá ga jù lè bẹ́ họ́ọ̀sì. A da omi tó pọ́n bí ìpẹtà nù, a ṣàn án títí ó fi mọ́ gaara, a wá po kúláǹtì (oògùn omi rádíétọ̀) mọ́ omi bátìrì, ìyẹn omi dísítíìlì, kì í ṣe ásíìdì, ìlàjì-ìlàjì. Omi kànga kọ́ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká yọ tẹmositáàtì, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, dànù, ẹ ṣeun, àmọ́ a gbé e sínú omi gbígbóná: ó ṣí ní 82°C tí wọ́n kọ sí i lára. A dá a padà.

Omi ike ti dúró sáàárín àmì méjèèjì. Ó parí.