Ṣé ìforígbárí ni, àbí ìdúnàádúrà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá “ìforígbárí àfojúsùn” gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe nígbà tí ohun méjì tí a ń fẹ́ kò bá ṣeé ní pọ̀. Mo gba “àfojúsùn” wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ kì í fojú sun ẹran méjì lẹ́ẹ̀kan náà. “Ìforígbárí” ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ó bá apá kan iṣẹ́ náà mu. Ní 1935, John Ridley Stroop, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ẹnikẹ́ni lè dánwò nílé. Mo fi bírò pupa kọ “dúdú” sórí ìwé, mo ní kí ọmọ mi obìnrin dárúkọ àwọ̀ yíǹkì náà, kó má ka ọ̀rọ̀ náà. “Dú—” ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì, kó tó wá ní “pupa.” Àbúrò rẹ̀ tí kò tíì mọ̀wé kà kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ìwé kíkà tó ti mọ́ ẹ̀gbọ́n lára forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ tí mo rán an.

Ṣùgbọ́n bí àgbò méjì bá kàn, ọ̀kan ní láti fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹran ń wù tó sì ń ṣọ́ owó lè ra ègé kékeré, kí àfojúsùn méjèèjì rí nǹkan mú relé. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìdúnàádúrà”. Ẹ fetí sí ìparí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ “rà”. Antonio Damasio, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣe ìwádìí lórí ọkùnrin kan tó pè ní Elliot, tí wọ́n yọ kókó tó hù kúrò ní apá iwájú ọpọlọ rẹ̀. Làákàyè rẹ̀ pé, ó lè ka àǹfààní àti àléébù ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún yín, síbẹ̀ yóò pẹ́ títí lórí ilé oúnjẹ tí yóò lọ, kò ní mú ọ̀kan. Ó ń ná, kò rà.

Ẹlòmíràn lè ní “iyèméjì” ti wà ńlẹ̀. Iyèméjì ni ohun tí ènìyàn mọ̀ lára. Ìdúnàádúrà yìí lè parí kí onítọ̀hún tó fura.

Àléébù kan ṣì wà lára ọ̀rọ̀ mi: kò sí ọlọ́jà nínú agbárí, oníbàárà méjì ló ń du owó kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó gba ìyẹn mọ́ra, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.