Èmi ni mo máa ń wà nísàlẹ̀

Mo ti ka ìtàn tí gbogbo ẹ̀yin akirobáàtì, ẹ̀yin eléré ìtàkìtì, kọ síbí. Ẹni tó rìn lórí okùn, ẹni tó tàkìtì gba inú iná kọjá, ẹ kú ewu o, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó sọ ti ẹni tó ń gbé yín ró, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ tèmi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ẹgbẹ́ akirobáàtì kan ṣeré ní Ìlọrin. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tí a bá gun ara wa lórí, èmi ni mo máa ń wà lókè téńté. Nígbà tí èjìká mi gbòòrò tán, wọ́n ní kí n bọ́ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi kúrò.

Ọmọ Pakata, àdúgbò kan ní Ìlọrin, ni bàbá mi. Òró, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni ìyá mi ti wá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Òró ni mo ti rí Eléwe, eégún àwọn Ìgbómìnà, kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ akirobáàtì. Mi ò lè gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀: á fò sókè, á yí po, á tún balẹ̀ sójú ibi tó ti gbéra, eruku á sọ lálá. Mo padà dé Ìlọrin, mo bá àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ri táyà ọkọ̀ mọ́nú iyanrìn dé ìdajì, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fò. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa ti rí mi.

Bàbá mi yarí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ mí di bàbá eléégún ní Pakata ni?" Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó yìí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn. Ọ̀gá wa wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, kò sí orò nínú tiwa." Ló bá fi ìtàn tù ú nínú. Ó ní lọ́dún 1826 tí òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ṣeré fún un. Àwọn kan wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì nínú àpò náà. Ejò ńlá jáde. Níkẹyìn, aṣọ ń ṣí lára ẹnì kan díẹ̀díẹ̀, àfi bó ṣe di òyìnbó funfun báláú, tó ń fa áṣáà símú, tó ń rìn bí ẹni tó bọ́ bàtà sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ibi òyìnbó yẹn ni bàbá mi ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ, kí n ṣáà má pa ìrun jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Tí ẹ bá kúnlẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ tilẹ̀, tí àwọn kan fẹ́ gùn yín, àtẹ́lẹwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ èjìká gẹ́lẹ́, kó má yà síwájú. Ẹni tó ń gùn yín, ìbàdí ni kó fi orúnkún lé, kí ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká. Àárín ẹ̀yìn kọ́ o! Mo rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gun ara wọn láàárín ẹ̀yìn báyìí, àyà mi á já, torí kò sóhun tó gbé eegun ẹ̀yìn ró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ìdúró ni, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má wòkè. Ẹni tó bá wòkè, ọrùn rẹ̀ yí, ẹrù yí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí yín ni ẹ ó máa gbọ́. Tí ọkàn ọmọ bá balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ léjìká yín. Tí ẹ̀rù bá bà á, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ẹran ara yín mú bí ọwọ́ alángbá. Ìka yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi, kí ojú tó rí ohunkóhun.

Ẹni tó kọ ọ́ síbí pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kẹrosíìnì fẹ́ iná lẹ́nu, jọ̀wọ́, àbúrò mi, má ṣe é. Ẹnì kan nínú wa fa èémí lásìkò tí kò yẹ, kẹrosíìnì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí. A fẹ́ rọ epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì, nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín èrò ló pariwo mọ́ wa: tó bá bì, òmíràn á tún gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó lo ọjọ́ márùn-ún lọ́sibítù. Ọ̀gá wa kò jẹ́ ká ṣe eré iná mọ́ láti ọjọ́ náà.

Tèmi ṣẹlẹ̀ ní Òmù-Àrán, níbi ìgbéyàwó kan, lásìkò ọyẹ́. A dúró lé ara wa lórí, àwa mẹ́ta. Èmi ni ìsàlẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ló wà lókè pátápátá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì ni ẹnì kan ju bánga. Ẹsẹ̀ ẹni àárín gbọ̀n lórí mi. Mo mọ̀ pé ọmọ ti ń bọ̀ nílẹ̀, apá ibi tó ń bọ̀ gan-an ni mi ò mọ̀. Mo kàn sún sí ọ̀tún. Àyà rẹ̀ bá mi léjìká, mo gbọ́ "kàù", eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká mi ti dá.

Ọmọ náà dìde, kò ní ìfarapa kankan, ó sì tàkìtì mẹ́ta léra wọn. Owó rọ̀ lé e lórí. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú. Ẹni tó pè wá ní a ti ba eré jẹ́, kò san báláǹsì. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a ń padà lọ sí Ìlọrin, ọmọ náà kúrò níwájú, ó wá bá mi lẹ́yìn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó da gbogbo owó tí wọ́n ná fún un sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì sùn lọ lára èjìká mi kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ mi kọ́ ọrùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe eléré sí òde, ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn ọmọ tó ń ju bánga. Ẹ wá tímùtímù sílẹ̀.

Ọmọ yẹn ti di géńdé, òun ló wà nísàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ báyìí. Ó pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bọ̀dá, a ti mú ọmọ tuntun kan, ó fúyẹ́, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń di mí mú." Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣeré nílẹ̀ fún oṣù kan sí i.