Ọmọ àbúrò mi ò yìnbọn, first degree murder ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ní Maryland, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé àwọn lọ́yà wà nínú gúrúùpù yìí, àwọn tó ti pẹ́ l'Ámẹ́ríkà náà wà níbẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Maryland, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Prince George's County. Àkọ́bí ẹ̀, ọmọ ọdún 19, kékeré ló wà tí wọ́n fi gbé e kúrò n'Íbàdàn, inú àtìmọ́lé ló wà báyìí. Wọ́n ní ó gbé mọ́tò bàbá ẹ̀ jáde lálẹ́, ó gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì, wọ́n dé ibì kan, àwọn yẹn sọ̀kalẹ̀, òun dúró sídìí sítíárì, kò pẹ́ ìbọn dún, wọ́n sáré padà wọ mọ́tò, ó sì gbé wọn lọ. Ẹni tí wọ́n lọ bá ti kú. Ọlọ́pàá ní wọ́n fẹ́ já fóònù àti owó gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ọmọ wa ò mú ìbọn dání, kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọlọ́pàá fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi kan òun àti ẹni tó yìnbọn.

Kí ló ń jẹ́ first degree yìí gan-an? Báwo ni ẹni tí ò pààyàn ṣe máa jẹ́bi ìpànìyàn tó ga jù? Ṣé wọ́n máa pa á ni? Adájọ́ ti ní kò sí béèlì. Bàbá ẹ̀ ò rí oorun sùn, ó ní òun á bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kóun lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Baltimore ní ká kó àgbààgbà jọ ká lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìdílé ẹni tó kú, bá a ṣe máa ń ṣe nílé. Èmi ti ní ká ta ilẹ̀ bàbá wa ní Mọ́níyà ká fi gba lọ́yà. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Alhaja, Abẹ́òkúta:
Subhanallah! Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì yín lórí ọmọ yìí. Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá wọn lóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan.

Bọ̀dá Lọ́yà, Maryland:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Maryland yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ ọ̀daràn ni mò ń ṣe. Kí n tó dé orí òfin, ẹ bá mi pe àbúrò yín nísinsìnyí, ẹ ní kó má bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù o. Gbogbo ìpè tó bá ti inú jail jáde sọ́dọ̀ ẹbí ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń kéde ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba á jókòó gbọ́ ọ, tó bá rí ohun tó wúlò fún un nínú ẹ̀, iwájú jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti pinnu ẹjọ́, ló ń gbé e lọ. Ẹ má ní Yorùbá lẹ máa sọ, wọ́n á wá ògbufọ̀. Kí bàbá bi í bóyá ó ti jẹun, kó ní gbogbo ilé ń kí i, kó ní kó má bá ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ó tán. Ẹ̀yin náà, ohunkóhun tó bá sọ fún yín, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ó wá ku òfin. Ọ̀nà mélòó kan ni ìpànìyàn fi ń di first degree ní Maryland. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹlòmíì lẹ́yìn tó ti rò ó. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ìrònú yẹn gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, bó bá ti ráyè, ì báà má ju ìgbà díẹ̀, láti bi ara ẹ̀ pé kí n ṣe é àbí kí n má ṣe é, tó wá ṣe é, ó ti tó. Kéèyàn lúgọ de ẹni tó fẹ́ pa, first degree ni, kéèyàn fi májèlé pa á, first degree náà ni. Èyí tó wá mú ọmọ yín ni wọ́n ń pè ní felony murder. Òfin to àwọn ìwà ọ̀daràn kan sílẹ̀, olè jíjà tipátipá wà nínú ẹ̀, ìjínigbé, ìfipábánilòpọ̀, kéèyàn dáná sun ilé, kéèyàn fọ́ ilé onílé, kéèyàn já mọ́tò gbà lọ́wọ́ onímọ́tò, àti àwọn míì, ó wá ní bí èèyàn bá kú níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, kódà bí olè ọ̀hún ò tíì yọrí, first degree ni fún gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ sí i. Kò sóhun tó kan òfin yẹn pẹ̀lú pé ṣé o fẹ́ kẹ́nì kan kú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé o wà nínú olè náà. Ẹni tó wa mọ́tò, ẹni tó ń ṣọ́nà, ẹni tó yìnbọn, ẹ̀sùn ò yàtọ̀.

Ibi tí gbogbo ẹjọ́ yìí dúró sí rèé: ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, débi tí iyèméjì tó nídìí ò ní ṣẹ́ kù, pé ọmọ yìí mọ̀ pé olè ni wọ́n ń lọ jà, àti pé torí kó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ló ṣe gbé wọn lọ. Gbogbo jury, àwọn 12, ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ìbọn dún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, kì í ṣe felony murder, gbígbé tó gbé wọn sá lọ lè di ẹ̀sùn lọ́tọ̀ ṣùgbọ́n ìyẹn fúyẹ́ jìnnà sí èyí. Ohun tí wọ́n máa wò ni text tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, ibi tí fóònù wọn wà, bóyá owó kan kàn án lẹ́yìn ẹ̀, àti ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjèèjì bá wí. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pariwo fóònù: ọmọ ọdún 19 tó ń sunkún sí bàbá ẹ̀ létí lè sọ pé "mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni", lójú tiẹ̀ ó ti wẹ ara ẹ̀ mọ́, lójú òfin ó ti gbà pé òun mọ nǹkan kan kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Wọn ò ní pa á. Maryland ti fagi lé ìdájọ́ ikú látọdún 2013. Ìjìyà first degree ni ẹ̀wọ̀n gbére, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére tí kò ní parole, ìyẹn ìdásílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n tó pé. Tí agbẹjọ́rò ìjọba bá fẹ́ èyí tí kò ní parole, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síwèé fún ẹni tó ń jẹ́jọ́, ó kéré tán ọjọ́ 30 kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ náà lágbára láti dá ẹ̀wọ̀n gbére kó sì dá apá kan dúró nínú ẹ̀, kó ní kó lo iye ọdún kan kó máa lọ sílé. Bí wọn ò bá dá nǹkan kan dúró, ẹni tó bá ṣẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2021 á lo ọdún 20 kó tó lè fojú kan parole. Second degree, ìpànìyàn tí kò le tó first degree, ò gbọdọ̀ ju ọdún 40 lọ, manslaughter, tó tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ọdún 10. Àárín àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni àdéhùn tí ìjọba bá gbé wá, pé kó gbà pé òun jẹ̀bi kí ìyà lè dín kù, á ti máa yí.

Ti béèlì, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè jù. Ẹ̀sùn tó bá lè fa ẹ̀wọ̀n gbére, commissioner, òṣìṣẹ́ kóòtù tí wọ́n ń kọ́kọ́ mú ẹni tí wọ́n bá mú lọ bá, ò láṣẹ láti dá ẹni náà sílẹ̀, adájọ́ nìkan ni, adájọ́ kì í sì í sábà gbà. Ohun tí ò gbọdọ̀ falẹ̀ ni preliminary hearing, ìjókòó tí adájọ́ ti máa ń wò ó bóyá ẹ̀rí tó láti bá ẹjọ́ lọ, ọjọ́ 10 péré ló ní láti béèrè fún un látìgbà tó ti kọ́kọ́ dé iwájú commissioner.

Ọmọ Èkìtì:
Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kú. Gbogbo wa ń sọ bí ọmọ yìí ṣe máa bọ́, ìyá ẹni tó kú ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọmọ tiwa ni wọ́n pa torí fóònù, ṣé a máa gbà pé ẹni tó gbé wọn wá tó tún gbé wọn sá lọ ò mọwọ́mẹsẹ̀? Òfin yẹn dáa lójú tèmi. Olè ò lè jà kó rọrùn bí kò bá sẹ́ni tó máa wa mọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ọmọ Èkìtì, mi ò bínú. Orúkọ ẹni tó kú wà lẹ́nu mi nínú àdúrà ní gbogbo ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀, kó jìyà ẹ̀, èmi fúnra mi á sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ayérayé gbé e láìwádìí bóyá ó mọ̀.

Barrister, Ìkẹjà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un. Kò sí first degree tàbí second degree nínú Criminal Code wa. Murder wà lábẹ́ section 316, ìjìyà ẹ̀ ní section 319 ni ikú, manslaughter sì wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má rò pé ilé rọrùn ju ibẹ̀ lọ, section 8 sọ pé bí èèyàn méjì bá jọ pinnu láti ṣe ohun tí òfin kọ̀, tí nǹkan míì wá tìdí ẹ̀ yọ tó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó yọ, gbogbo wọn ló ṣe é. Àwọn adigunjalè tí wọn ò mú ìbọn lọ́wọ́ ti gba ìdájọ́ ikú pẹ̀lú àwọn tó mú un nílẹ̀ yìí. Ẹ tún rántí pé bó bá ṣì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dandan ni kí wọ́n sọ fún ẹ́ḿbásì wa ní Washington, kò dìgbà tó bá sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Houston:
Ẹ má lọ máa ka ti ìpínlẹ̀ míì mọ́ ti Maryland o Ìyá Ìbejì, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín. Ní Texas níbí, wọn kì í pe ẹ̀sùn náà ní first degree murder, murder lásán ni, ọdún 5 sí 99 tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, capital murder ló le jù, ìyẹn ló ń gbé èèyàn dé ibi ikú, wọ́n ṣì ń pa wọ́n níbí. California yí tiwọn padà lọ́dún 2018, ẹni tí ò pààyàn tí kò sì ní in lọ́kàn kẹ́nì kan kú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ipa ńlá ló kó àti pé kò ka ẹ̀mí èèyàn sí. Hawaii àti Kentucky ò tiẹ̀ ní felony murder mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:
England tó bí òfin yẹn gan-an ti pa á rẹ́ látọdún 1957. Ó dùn mí pé ọmọ ọdún 19 ṣì ń tìdí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n gbére níbòmíì. Mi ò ní kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó bá jalè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìyà olè.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti pe àbúrò mi, kò ní bi í mọ́. Bọ̀dá Lọ́yà, ẹ ò dáhùn ti àgbààgbà tó fẹ́ lọ bẹ ìdílé ẹni tó kú, wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni. Ilẹ̀ ńkọ́, ká tà á? Wọ́n tún ń sọ pé wọ́n lè dá a padà sílé Nàìjíríà.

Bọ̀dá Lọ́yà, Maryland:
Ẹ dá Sátidé yẹn dúró kíákíá. Mo mọ̀ pé nílé wa ìwà ọmọlúàbí ni, tá ò bá lọ wọ́n á ní a ò lójú àánú. Níbí, nínú ìdílé yẹn ni ẹlẹ́rìí lè wà. Kí ọkùnrin mẹ́fà nínú agbádá lọ kanlẹ̀kùn wọn lóru, ọlọ́pàá lè sọ pé ẹ wá dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí ni, ẹ̀sùn tuntun á dé bá àwọn àgbà, jury á sì gbọ́ pé ẹbí ẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní ṣebí ẹni tó jẹ̀bi ló ń bẹ̀bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìtùnú, ẹ kọ ọ́, ẹ fún lọ́yà, òun ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má ta ilẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ Public Defender ti ìpínlẹ̀ wà, àwọn lọ́yà tí ìjọba ń san owó wọn fún ẹni tí ò lówó lọ́yà, owó tí ọmọ fúnra ẹ̀ ní ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti bàbá ẹ̀, ẹjọ́ ìpànìyàn ni àwọn lọ́yà ibẹ̀ ń ṣe tọ̀sán tòru, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́ ju ẹni tó máa gba owó ilẹ̀ yín lọ. Kí bàbá ẹ̀ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti béèrè fún preliminary hearing yẹn.

Ti dídá padà, òótọ́ ni, ẹni tó bá ní green card tí wọ́n dá ẹ̀bi murder fún, wọ́n á lé e lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àbúrò yín: ṣé òun fúnra ẹ̀ ti búra láti di ọmọ Amẹ́ríkà? Ọmọ ọdún mélòó lọmọ yìí nígbà tí bàbá ẹ̀ búra?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Mo ti béèrè. Ó ní ó ti búra, ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń gbé, green card ló ní, wọn ò gba pásípọ́ọ̀tù fún un rí. Sátidé ti dúró, ẹ̀gbọ́n wa bínú ṣùgbọ́n ó gbà.

Bọ̀dá Lọ́yà, Maryland:
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà lọmọ yìí náà látọjọ́ tí bàbá ẹ̀ ti búra, bí ò tiẹ̀ gba ìwé kankan, ọ̀rọ̀ dídá padà ò kàn án nìyẹn. Kí wọ́n wá ìwé ìbúra bàbá, green card ọmọ, ìwé ìbí ẹ̀ láti Ìbàdàn, àti ìwé ilé ìwé tó fi hàn pé ilé bàbá ẹ̀ ló ń gbé nígbà yẹn, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ fún public defender, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ bàbá. Bí ìwé ìbí yẹn bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ yà á sínú fóònù lálẹ́ òní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín.