Wínsíkírìn tó ga ni mo rà sí máṣìnì mi, atẹ́gùn ṣì ń gbá mi lórí

Tíṣà Òkè-Bàálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun máṣìnì lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ wínsíkírìn ni mo bá wá, rọ́bà gaara tí wọ́n máa ń so síwájú máṣìnì kó lè máa dá atẹ́gùn dúró. Boxer BM150 ni mò ń gùn, Òṣogbo ni mò ń gbé, Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀, tó bá sì di Sátidé mo máa ń lọ wo màmá mi ní Iléṣà. Látìgbà tí ọyẹ́ yìí ti dé ni àyà ti ń dùn mí, tí mo bá dé iléèwé láàárọ̀ ọwọ́ mi ò ní lè di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa, eruku á ti kún ojú mi, omi á kàn máa dà lójú mi ni. Ni mo bá lọ ra wínsíkírìn.

Ẹni tó tà á fún mi ní èyí tó bá ga jù ló dáa jù, pé atẹ́gùn kankan ò ní kàn mí mọ́. Mo gbà á gbọ́, mo sanwó, wọ́n so ó mọ́ hándù fún mi. Mi ò ní purọ́, atẹ́gùn ò kan àyà mi mọ́, àyà mi móoru. Àmọ́ orí mi ńkọ́? Tí mo bá ti wọ 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí kan báyìí, hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì, àfi bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi létí, ariwo ẹ̀ sì ju ti ìgbà tí mi ò ní nǹkan kan níwájú lọ. Kí n tó dé Iléṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá ọrùn mi ti gan. Èyí tó tún burú ni pé etí ẹ̀ lókè bọ́ sí ibi ojú mi gẹ́lẹ́, mi ò ríran gba òkè ẹ̀, mi ò sì ríran gba inú ẹ̀ dáadáa, ìlà yẹn ló ń pín ọ̀nà sí méjì mọ́ mi lójú. Lálẹ́ tí mọ́tò bá tan fúlú bọ̀, gbogbo ẹ̀ á funfun báláú.

Ṣé kí n ra èyí tó tún ga ju èyí lọ ni àbí kí n padà sí kékeré? Ṣé irú rọ́bà kan wà tó yẹ kí n máa béèrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i ni kó dá mi lóhùn, mi ò fẹ́ tún lọ náwó sí ohun tí ò ní wúlò.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Ẹ má tíì ra èyí tó ga sí i o, ẹ ní sùúrù ná.

Ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe èmi náà fún odindi ọdún kan, ọ̀nà Gbọ̀ngán ni mò ń gbà, ẹ sì mọ̀ pé atẹ́gùn ibẹ̀ ò ní nǹkan tó ń dá a dúró. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa lọ́jà ni pé atẹ́gùn kì í kú torí pé ẹ gbé nǹkan síwájú ẹ̀, ṣe ló máa ń yà. Á gun wínsíkírìn yẹn lọ sókè, á jáde létí ẹ̀, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn wínsíkírìn á wá ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ló ń fa atẹ́gùn, ni èyí tó gba òkè àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ bá máa ń yí wọlé padà, wọ́n á máa pòyì bíríbírí. Tẹ́ ẹ bá ti dúró lórí afárá wo odò Ọ̀ṣun rí lásìkò òjò, ẹ wo bí omi ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn òkúta ńlá, iwájú òkúta á máa ṣàn geere, ẹ̀yìn ẹ̀ ni omi ti ń yí. Inú ibi tó ń yí yẹn ni orí yín wà. Kì í ṣe pé wínsíkírìn yín kéré, etí ẹ̀ ló ń da ìyípo yẹn lu hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń lù yín, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó gún, tó dá, ẹ má gbé èrò, 50 tàbí 60 ti tó. Ẹ rọra na ara yín sókè lórí ìjókòó bí ẹni tó fẹ́ wo nǹkan lókèèrè. Tí ariwo yẹn bá dákẹ́, tí ẹ wá ń gbọ́ atẹ́gùn tó ń lọ tààrà, á jẹ́ pé orí yín ti bọ́ sínú atẹ́gùn tó mọ́, èyí tó kúrú ló máa bá yín mu. Ẹ wá padà, ẹ rọra tẹ orí ba díẹ̀, kí ojú yín ṣì wà lọ́nà o. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti dákẹ́, á jẹ́ pé ó nílò kó ga sí i tàbí kí ẹ yí bó ṣe tẹ̀ sẹ́yìn padà. Èmi ò mọ èyí nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra wínsíkírìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gé páálí, ẹ fi séló téèpù tó fẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òkè, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí gíga ẹ̀ ṣe máa rí. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta lè sọ ọ́ di nǹkan míì pátápátá. Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni pé tí mo bá jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó gan-an, etí òkè ẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú imú mi, kí ojú mi máa gba òkè ẹ̀ kọjá. Ẹ má fi í síbi tí ẹ ti máa gba inú ẹ̀ wòran láé, tí òjò bá dé tàbí tí eruku ọyẹ́ bá bò ó, ẹ ò ní rí kòtò tó wà níwájú yín.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ iná iwájú, ẹ bá mi fi wáṣà gbé e kúrò díẹ̀, kí àlàfo bí ìka méjì wà. Atẹ́gùn díẹ̀ tó gba ìsàlẹ̀ wọlé yẹn ló máa dí ibi tó ṣófo, ìyípo yẹn á dín kù. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀, èmi rò pé ká dí gbogbo ihò ni.

Ẹ sì dín eré kù. Tẹ́ ẹ bá kúrò lórí 40 bọ́ sí 80, agbára atẹ́gùn tó ń tì yín kì í ṣe ìlọ́po 2, ìlọ́po 4 ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹdẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bọ̀ọ̀dá Ọ̀nà Gbọ̀ngán ti sọ ọ́ débi tó yẹ, ti irú rọ́bà ni mo fẹ́ fi kún un torí ojú mi rí nǹkan.

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù, acrylic àti polycarbonate. Acrylic máa ń mọ́ gaara, kì í tètè ní ìlà lára, àmọ́ tí máṣìnì bá ṣubú ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, etí ẹ̀ á mú bí abẹ. Polycarbonate le gan-an, á tẹ̀ kó tó fọ́, ìyẹn ni mo fara mọ́ fún irú ọ̀nà tiwa, àmọ́ ìlà tètè máa ń mú un, àfi èyí tí wọ́n bá ti kun nǹkan sí lójú láti iléeṣẹ́, oòrùn sì máa ń sọ èyí tí wọn ò kùn di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, polycarbonate ni, ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ọ̀dà ti ta sí i lára, ọmọ tó ń fọ máṣìnì ní kí n fi pẹtiróòlù nù ún, mo sì nù ún. Ó mọ́ o. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, mo kíyè sí i láàárọ̀ tí oòrùn ń ràn bọ̀ látẹ̀gbẹ́, àwọn ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ti kún inú ẹ̀ bí ilẹ̀ tó sán, wọ́n pọ̀ jù lẹ́bàá ihò bóòtù. Bí mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ ló dún kẹ́, ó là. Pẹtiróòlù ló jẹ ẹ́. Tínà náà á jẹ ẹ́, omi ìnu-gíláàsì tó ní ammonia náà kò dáa fún un.

Omi àti ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ máa lò. Lásìkò ọyẹ́ yìí, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nù ún láéláé, eruku yẹn yanrìn ni, ẹ ń fi yanrìn ha á ni. Ẹ kọ́kọ́ da omi lé e, tí kòkòrò bá lẹ̀ mọ́ ọn ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á rọ̀ fúnra ẹ̀. Tíṣà, fúlú tẹ́ ẹ ní ó ń sọ gbogbo ẹ̀ di funfun yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlà ló ti pọ̀ lára ẹ̀, iná á máa tú ká lára wọn. Ẹ sì ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti ìbọ̀wọ́ o, wínsíkírìn ò lè bo ọwọ́ yín.

Mẹkáníìkì Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí gbogbo yín. Tíṣà, ẹ ní wọ́n so ó mọ́ hándù. Ṣé ẹ ti yí hándù yín dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì látìgbà náà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí jíà wà ní níútúrà? Ẹ lọ ṣe é lónìí ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí èyí tí irin wínsíkírìn fún wáyà tọ́rọ́tù, bí ẹni náà ṣe ń yí kọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì ń gbéra fúnra ẹ̀. Ohun tó lè pààyàn nìyẹn. Wáyà bírékì àti ti kìlọ́ọ̀ṣì náà, ẹ wò wọ́n.

Ti ihò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó gbígbóná lu ihò fún yín, ibẹ̀ ló ti máa là. Díríìlì ni, kí ihò sì fẹ̀ ju bóòtù lọ díẹ̀, torí rọ́bà yẹn máa ń fẹ̀ nínú oòrùn tó sì máa ń sún kì lálẹ́. Ẹ fi wáṣà rọ́bà síwájú àti sẹ́yìn, ẹ lo nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú tí kì í tú, ẹ dè é kó dúró, ẹ má dè é pa.

Èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, èmi kì í so ó mọ́ hándù fún ẹnikẹ́ni. Tí tírélà bá yọ sí yín lọ́nà Ìkìrun yẹn, atẹ́gùn ẹ̀ á gbá wínsíkírìn, wínsíkírìn á gbá hándù, ẹ̀yin lẹ máa já sí koríko. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó tóbi, ẹ jẹ́ ká wá irin tí a máa so mọ́ fíréèmù, kó má bá hándù yí.

Tíṣà Òkè-Bàálẹ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á máa ṣọ́ yín lọ́nà. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Mo yí hándù, wáyà kìlọ́ọ̀ṣì ń fún lápá òsì lóòótọ́, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti tún un gbà lẹ́yìn irin yẹn. Mo wá gùn ún jáde, mo na ara mi sókè ní 50, ariwo yẹn dákẹ́ pátápátá! Mo tẹ̀ ba, ó tún ń gbá mi. Ó jẹ́ pé ó ga jù fún mi nìyẹn. Etí ẹ̀ fi nǹkan bí ìka mẹ́rin ju imú mi lọ. Ṣé mo lè gé e ni àbí kí n ra òmíràn?

Mẹkáníìkì Òkè-Fìà

Ó ṣeé gé tó bá jẹ́ polycarbonate, tí kò sì tíì sán níbì kankan. Ẹ lẹ téèpù sí ojú méjèèjì, ẹ fi bírò fa ìlà síbẹ̀, ayùn eyín wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má kánjú, lẹ́yìn náà ẹ fi yanrìn-bébà fá etí ẹ̀ títí tí kò fi ní mú lọ́wọ́. Ìka méjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ gùn ún dé Ìkìrun kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ tó gé èyí tó kù.

Tíṣà Òkè-Bàálẹ̀

Ìka méjì náà ni, ọ̀gá mi. Mo ti lẹ téèpù sí i báyìí. Láàárọ̀ ọ̀la kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa gé e, màá sì gbé e kúrò lára iná iwájú bí ẹ̀gbọ́n Ọ̀nà Gbọ̀ngán ṣe wí, tí mo bá ti Iléṣà dé ní Sátidé màá sọ bí ọrùn mi ṣe rí.